Ìyá Ayaba Kò Jáde

Pínnì mẹ́ta ló wà láàárín ètè Ìyá Abẹ́rẹ́ nígbà tí sípù aṣọ Ayaba já. Kò pariwo. Ó fi orúnkún kan gúnlẹ̀ sẹ́yìn obìnrin náà, ó fa etí aṣọ méjèèjì pàdé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an mọ́ ọn lára bí ẹni ń rán ẹnu àpò ìrẹsì. Ariwo àwọn ọmọ iléèwé ń wọlé wá láti òdìkejì aṣọ ìkélé bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Irínwó ọmọ ni, láti iléèwé mẹ́ta. Ọ̀kan nínú irínwó náà, tirẹ̀ ni.

Ayaba ní kó má gún òun o. Ìyá Abẹ́rẹ́ mi orí. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń rán aṣọ fún ẹgbẹ́ òṣèré yìí, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń lọ̀ ọ́, kò sì gún ẹnikẹ́ni rí.

Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá abẹ́rẹ́ nìkan. Obìnrin tó ń ṣe ìyá Ayaba nínú eré náà bímọ, kò sì padà wá. Ipa yẹn kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ìyá Ayaba ti kú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí pátápátá, nígbà tí ogun bá ti tú ìlú ká, tí Ayaba jókòó ní òun nìkan, òkú ìyá rẹ̀ á yọ pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́, á rìn jẹ́jẹ́, á gbé àtùpà náà kalẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀, á sì dúró. Ó tán. Ọ̀gá tó ni ẹgbẹ́ wo Ìyá Abẹ́rẹ́ láti òkè dé ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní ṣebí aṣọ yẹn á bá a mu, kó gbé e wọ̀.

Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó kọ́ ìrìn náà nínú yàrá ìránṣọ, láàárín máṣíìnì àti irin tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́, títí àtùpà fi dẹ́kun gbígbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti jáde lẹ́ẹ̀mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bó bá ti yọ, gbogbo ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Òun tí ẹnikẹ́ni kì í dákẹ́ fún.

Ọmọ rẹ̀ kò rí i rí. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣeré, ọ̀dọ̀ aládùúgbò lọmọ máa ń wà nígbà náà. Àfi ìgbà tí lẹ́tà dé láti iléèwé pé wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ wo eré, eré yìí gan-an, lọ́jọ́rú, láàárọ̀. Ọmọ náà ka lẹ́tà yẹn sí ìyá rẹ̀ létí lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé ìyá òun máa jáde nínú eré náà.

Kíláàsì kò gbà. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ti sọ nígbà kan rí pé ẹ̀gbọ́n òun ń gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun. Wọ́n wádìí rẹ̀, irọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é, tíṣà pàápàá ti ṣèèṣì pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti wá orúkọ sílẹ̀ fún ọmọ Ìyá Abẹ́rẹ́ náà. Ọjọ́rú ni wọ́n ń dúró dè láti sọ ọ́. Tíṣà rẹ̀ tiẹ̀ ní kó dìde dúró kó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa jáde fún gbogbo wọn, ó sì sọ ọ́, láìfi nǹkan kan pamọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, bí ọmọ náà ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀, ó bi ìyá rẹ̀ pé apá ibo ló máa gbà yọ. Ìyá rẹ̀ ní apá òsì ẹni tó bá jókòó. Ó bi í bóyá ó máa wo ibi tí òun wà. Ìyá rẹ̀ ní òkú kì í wo ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló fi jẹ́ òkú. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn kò sì pẹ́.

"Ẹ ṣáà jáde, Màámi," ó ní. "Tẹ́ ẹ ò bá jáde, mo gbé."

Ìyá rẹ̀ ní kí ló máa dí òun lọ́wọ́.

Nígbà tí eré dé ìdajì, tí àwọn òṣèré ń mu omi lẹ́yìn ìtàgé, tí Ìyá Abẹ́rẹ́ ń parí rírán aṣọ Ayaba, Ọ̀gá wọlé, ojú rẹ̀ ò kúrò lára aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta làwọn fi dúró de iléèwé kan tó pẹ́ dé. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì sì ti ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ níta, wọ́n ní agogo méjìlá làwọn ń lọ, ẹni tí kò bá tíì wọlé á fẹsẹ̀ rìn délé. Nítorí náà, kí Ayaba sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ tán, oníná á pa iná, ó parí. Kò sí àtùpà, kò sí òkú.

Ayaba ní á dáa, òun á tètè bọ́ aṣọ tí wọ́n rán mọ́ òun lára yìí. Ó ní ọmọdé ni wọ́n, ohun téèyàn ò mọ̀ pó wà, kò lè mọ̀ pé ó sọnù. Ẹni tó ń ṣe ọ̀gágun ní òun ì bá fẹ́ kí wọ́n gé ibi tí wọ́n ti ń na òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìyá Abẹ́rẹ́ yọ pínnì kúrò lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gún wọn mọ́ apá aṣọ ara rẹ̀.

"Ọ̀gá, ọmọ mi wà níbẹ̀."

"Ìyá Abẹ́rẹ́, gbogbo wọn lọmọ ẹnì kan."

Kò fi ìkà sọ ọ́. Ká ní ó fi ìkà sọ ọ́ ni, ì bá rọrùn láti bínú. Ìyá Abẹ́rẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kàn jáde nígbà tí àwọn yòókù bá ń tẹríba fáwọn èrò, kí òun dúró sí ìpẹ̀kun. Ọ̀gá rò ó wò, ó rò ó lóòótọ́, nítorí kì í ṣe èèyàn burúkú. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn ọmọ á máa béèrè pé ta lèyí, níbo ló ti wá. Ẹni tí kò bá wọn ṣeré kì í bá wọn tẹríba. Ó bi í pé iléèwé wo ni ọmọ náà ń lọ. Ó sọ fún un.

"Àwọn tó pẹ́ dé yẹn náà?" Ọ̀gá wí. Ó mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ oníná.

Síbẹ̀, ó wọ aṣọ náà. Kò mọ ìdí rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù wúrà gígùn yẹn, ó we gèlè rẹ̀, ó gbé àtùpà, ó sì lọ dúró síbi tó máa ń dúró sí, nínú òkùnkùn apá òsì. Ó yọjú níbi ihò kékeré kan, ó wá aláṣọ àwọ̀ ewé, iléèwé ọmọ rẹ̀, láàárín àwọn yòókù, ó sì rí wọn ní ìlà keje. Ọmọ rẹ̀ jókòó sí bèbè àga, ó di apá ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú. Bí Ayaba ṣe jókòó sílẹ̀ láàárín ìlú tó ti tú, ọmọ náà nawọ́. Ó ń fi ìka hàn wọ́n. Ibi tí ìka náà ń tọ́ka sí gan-an ni ìyá rẹ̀ wà.

Ayaba sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Iná kú.

Ẹsẹ̀ Ìyá Abẹ́rẹ́ ni ó gbọ́n ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó rìn ín bó ṣe máa ń rìn ín, ó tẹ ohun tó ń tan àtùpà, àtùpà sì tàn. Ṣùgbọ́n okùn aṣọ ìkélé ti ń sáré lókè, aṣọ náà ti balẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà bọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ yẹn, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti lẹ̀ ẹ́ nígbà tí eku jẹ ẹ́. Ọ̀gágun fi èjìká gbá a. Ayaba ní, "Ẹ kúrò lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́," ó sì gba àárín aṣọ ìkélé kọjá lọ síwájú. Àtẹ́wọ́ bú sókè.

Kò dúró bọ́ aṣọ. Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń sáré. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wà níwájú ilé. Àwọn aláṣọ ewé tò síwájú èyí tó kẹ́yìn, tíṣà wọn ń kà wọ́n. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń gbọ́ ọ.

"Ìyá Ayaba, ẹ káàbọ̀ láti sàréè," ọmọ kan ń wí fún ọmọ rẹ̀, àwọn tó kù sì ń gbè é.

Ó dé ọ̀dọ̀ tíṣà, èémí rẹ̀ ń já. Ó ní òótọ́ ni ọmọ yìí sọ o, òun ni ìyá Ayaba tó máa ń jáde ní ìparí, wọ́n gé e lónìí ni. Àwọn ọmọ dákẹ́. Ó rí i pé wọ́n ń wò ó, ìrètí sì wọ inú rẹ̀. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn ṣe na ọwọ́ mú etí ẹ̀wù náà, tó fọwọ́ pa á, tó sì wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Aṣọ àpò ni," ó ní. "Ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún."

Ẹ̀rín yẹn kò ṣeé dá dúró. Tíṣà bá wọn wí, ó tọrọ gáfárà, ó ní kí màmá má bínú, ọmọ ni wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ Ìyá Abẹ́rẹ́. Èèyàn rere ni, ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yanjú.

"Ṣé màmá ẹ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé wọ́n máa ń jáde nínú eré yẹn lóòótọ́?"

Ọmọ náà gbé ojú sókè. Ó wo ìyá rẹ̀ láti orí gèlè dé bàtà, bàtà iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ kò rántí bọ́. Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀.

"Rárá, mà," ó ní. "Mo parọ́ ni."

Tíṣà ní ó káre, pé ẹni tó bá jẹ́wọ́ ti ṣe ohun tó yẹ. Ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ la ẹnu. Bí òun bá tún sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ á tún yí padà wá wo aṣọ yìí. Ó pa ẹnu dé. Ọmọ rẹ̀ gun bọ́ọ̀sì láìbojú wẹ̀yìn, ó lọ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíṣà, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í fẹ́ jókòó.

Nígbà tí eruku bọ́ọ̀sì ti wálẹ̀, ó gbé apá ẹ̀wù náà sójú oòrùn. Kò tíì wọ̀ ọ́ jáde sójú ọ̀sán rí. Ojú ìránṣọ rẹ̀ tóbi bí eyín ewúrẹ́. Òun ló rán an, lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì yangàn pé òun tètè parí rẹ̀. Iná ìtàgé ni wọ́n ń rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún, àti ẹni tó jókòó sí òkèèrè. Kò sí lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà pé ẹnikẹ́ni máa sún mọ́ ọn.

Ọ̀gá yọ orí jáde lójú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ti ń wá a kiri. Ó ní iléèwé tó ń wo eré agogo méjì ti dé, wọ́n tiẹ̀ tètè dé, nítorí náà gbogbo eré náà làwọn máa ṣe, láìgé nǹkan kan. Kó má wulẹ̀ bọ́ aṣọ. Inú rẹ̀ dùn lóòótọ́ pé òun mú ìròyìn ayọ̀ wá fún un.

"Ẹ ṣé, Ọ̀gá," Ìyá Abẹ́rẹ́ wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́, ó ń gbọ́ ọ létí ara rẹ̀: ohùn jẹ́jẹ́, tí kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni dúró, tó ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣáà tán. Ó mọ ohùn náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ni.