Abẹ́ Apá Àga

Iṣẹ́ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Sọ-ọ́-dàtijọ́ ni kó máa sọ àga tuntun di ògbólógbòó. Àwọn káfíńtà á kan àga tán lówùúrọ̀, á máa dán gbinrin. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, Sọ-ọ́-dàtijọ́ á ti fi ṣéènì nà án, á ti fi sáńpépà ha á, á ti fi omi tíì pa á lára, ẹni tó bá rí i á ní ìyá ìyá òun ló jókòó sí i dàgbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tó bá bọ ìyàwó tuntun lọ́wọ́, onítọ̀hún á ti ní ọmọ-ọmọ kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Òun náà á rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́ òun.

Ohun tí kò yé e ni ìdí táwọn tó lágbára àtira àga tuntun fi ń wá èyí tí wọ́n ti lù bí olè. Wọ́n á wọ ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú fóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́wọ́, wọ́n á fọwọ́ pa apá àga, ojú wọn á sì yí padà. Wọ́n á ní ayé ìgbà kan dùn. Ìgbà kan wo? Púpọ̀ nínú wọn ò tíì dáyé nígbà tí irú àga bẹ́ẹ̀ lòde.

Àga kan wà nílé rẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò fi ṣéènì nà rí. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ló ń jókòó sí i títí tó fi kú. Àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà ti jẹ apá kan àga ọ̀hún wọnú, ibẹ̀ ti ṣe kòtò fẹ́ẹ́rẹ́. Látìgbà tó ti kú, bàbá Sọ-ọ́-dàtijọ́, tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, kì í jókòó sórí àga náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, á gbé ọwọ́ lé apá àga bó ṣe máa ń gbé e lé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ṣe, oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà, obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáámù, wá kí bàbá nígbà tára rẹ̀ ò yá. Ó fọwọ́ kan apá àga yẹn, ó sì gbàgbé aláìsàn tó wá kí. Lọ́jọ́ kejì ló ti ní kí Sọ-ọ́-dàtijọ́ gbé àga náà wá, káwọn wò ó ṣe irú ẹ̀, “Àga Màmá” làwọn máa pè é. Bàbá kọ̀. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, á ti padà sáyè rẹ̀.

“Ṣé wàá dá a padà lóòótọ́?” ni bàbá béèrè.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàámi. Ta ló máa gbé àga Ìyá sọnù?”

Pákó ilé àtijọ́ kan tí wọ́n wó ló fi ṣe àga mélòó kan bíi tiẹ̀. Ó wọn kòtò ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó fi sáńpépà ṣe irú rẹ̀, ó tún ń fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ pa á. Abẹ́ ìjókòó pàápàá, ó fi omi tíì pa á, torí àwọn oníbàárà fẹ́ràn kí wọ́n máa yí àga wò. Ká sòótọ́, iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Ìgbà míì á dà bíi pé ìyá rẹ̀ wà nítòsí.

Wọ́n wá ní àṣà kan níbi iṣẹ́ yẹn. Tí wọ́n bá ṣe irú nǹkan kan tán, wọ́n á da ojúlówó pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n á ní kí ẹlòmíì wá mú un jáde. Tó bá mú ayédèrú, iṣẹ́ yọrí nìyẹn. Sọ-ọ́-dàtijọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sábẹ́ ìjókòó àga ìyá rẹ̀, ó tì í sáàárín àwọn yòókù, ó pe ọkùnrin tó ń kun fáníìṣì. Ìyẹn yí wọn po, ó mú ayédèrú. Màdáámù náà mú ayédèrú. Wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, orí rẹ̀ wú, Màdáámù sì fà á wọ ọ́fíìsì kó lè yìn ín lójú àwọn oníbàárà kan. Kó tó padà dé, ọkùnrin onífáníìṣì ti fi àkísà tútù nu gbogbo àga náà tòkè-tìsàlẹ̀, bó ṣe máa ń nù wọ́n kí ọkọ̀ tó kó wọn lọ. Kò sí ṣọ́ọ̀kì lábẹ́ ìkankan mọ́.

Ó lè pariwo nígbà yẹn, kó ní kí ọkọ̀ dúró. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn tán, báwo ló ṣe máa sọ pé òun ò mọ àga ìyá òun? Ó fọwọ́ pa apá wọn níkọ̀ọ̀kan, ó mú ọ̀kan, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ojú òun ò lè tan òun jẹ. Ọkọ̀ kó ìyókù lọ.

Bàbá ti ń retí rẹ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó gbé ọwọ́ lé e, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ọkàn ọmọ rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìka bàbá ká wọ abẹ́ apá àga, ó dúró síbẹ̀. Ẹ̀rín náà lọ.

“Èyí kọ́,” ni bàbá wí.

“Òun ni, Bàámi. Kòtò ọwọ́ Ìyá nìyẹn.”

“Kòtò yẹn jọ ọ́, o ṣe é dáadáa. Abẹ́ ni mò ń sọ. Ìyá ẹ máa ń ká ìka síbí. Tí mo bá gbọ́wọ́ lé tiẹ̀, abẹ́ yìí ni ìka wa ti ń pàdé. Ibẹ̀ dán ju òkè lọ. Èyí ń gún mi.”

Sọ-ọ́-dàtijọ́ fìka kan ibẹ̀ wò, ó gún òun náà. Gbogbo ibi tí ojú oníbàárà lè dé ló ti sọ di àtijọ́. Kò sẹ́ni tó ń wo abẹ́ apá àga, òun náà ò sì wò ó rí, òun tó jẹ́ ọmọ bíbí inú obìnrin náà. Ojú tì í débi pé kò lè jókòó.

Nígbà tó sọ fún Màdáámù, àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà lóòótọ́. Ó pe gbogbo àwọn tó ti ra àga náà, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fọwọ́ pa abẹ́ apá rẹ̀ wò. Àwọn tó pa á wò ní ó ń gún, àwọn kan ní àwọn ò ráyè. Ọ̀kan nínú wọn sunkún, ó ní yálà ojúlówó ni tàbí ayédèrú, òun ò ní gbé e sílẹ̀, òun ti ń pè é ní àga ìyá òun. Màdáámù gbé fóònù sílẹ̀, ó kọjú sí Sọ-ọ́-dàtijọ́.

“Abẹ́ yẹn,” ló wí, “ṣé o lè ṣe é sí àwọn tó ń bọ̀? Wọ́n máa fẹ́ràn ẹ̀.”

Sọ-ọ́-dàtijọ́ ká sáńpépà sápò kó tó kúrò níbẹ̀.

Nílé, bàbá jókòó sáyè rẹ̀, ó káwọ́ lé itan. Sọ-ọ́-dàtijọ́ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á díẹ̀díẹ̀, àfi bí ẹni pé bàbá ò ní gbọ́. Bàbá jẹ́ kó ṣe é fúngbà díẹ̀, ó wá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó máa gún mi. Tó bá fi lè dán, mo máa gbàgbé pé òun kọ́.”

Ó gbé ọwọ́ lé apá àga náà, ó ká ìka wọ ibi tó ń gún un. Lẹ́yìn náà ló béèrè irú ẹni tó lè máa jókòó sí ti ìyàwó òun báyìí, àti bóyá onítọ̀hún máa ń ká ìka sábẹ́. Ọmọ rẹ̀ ní òun ò mọ̀.