Ohun Tí Agolo Rí

Alágolo ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí nílé ẹ̀kọ́, kò sì bínú sí i. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ń já àwọn kámẹ́rà díẹ̀ tó wà nílẹ̀ gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, agolo mílíìkì òfìfo lòun mú ní tiẹ̀. Ó kun inú rẹ̀ ní dúdú, ó fi abẹ́rẹ́ lu ihò tín-ín-rín kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ká bébà fọ́tò sínú rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó sì dé e pa. Bó bá ti ṣí ihò náà sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, títí bébà yóò fi mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Kámẹ́rà gidi á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á ti ríran tán. Agolo ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìkánjú ní tiẹ̀.

Àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ pa gbogbo kíláàsì lẹ́rìn-ín. Ó gbé agolo sójú fèrèsé tó kọjú sí títì, lọ́sàn-án gangan tí èrò ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀. Nígbà tó fọ bébà náà nínú yàrá òkùnkùn, ilé yọ, òpó iná yọ, títì yọ gbalaja, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ènìyàn kan ṣoṣo níbẹ̀.

"Alágolo, níbo lo kó gbogbo ará àdúgbò gbà?" ni ẹnì kan bi í.

Olùkọ́ wọn, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ló dá wọn lẹ́kun. Ó ní, "Ẹni tó ń kọjá lọ kò dúró pẹ́ tó kí agolo rí i. Ẹni tó bá wà lójú kan ṣùgbọ́n tó ń mira, bí èéfín ló máa rí. Ohun tí kò bá mira rárá nìkan ló máa yọ kedere."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọmọbìnrin náà lára ju gbogbo ẹ̀kọ́ ọdún yẹn lọ.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kíláàsì fíìmù. Ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mú síbẹ̀, ó sì ń wù ú débi pé ó máa ń lá a lálàá. Ìdánwò tí olùkọ́ gbé kalẹ̀ kò gùn: àwòrán kan ṣoṣo, òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Wọn á gbé èyí tó bá dára kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn, kí àwọn òbí àti àlejò wá wò ó. Ẹni tí tiẹ̀ kò bá sí lára ògiri, kó yáa padà sídìí ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì.

Kò wá òṣìṣẹ́ jìnnà. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, yàrá iwájú ilé wọn sì ni ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ọjọ́ tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí kì í bá a lórí ẹ̀rọ, téèpù lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn etí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ pẹ́dáàlì gìrìgìrì. Bàbá á ní, "Iṣẹ́ pọ̀, ìyá mi. Iṣẹ́ ju ọwọ́ lọ." Ọmọ náà a máa fi yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bàbá òun ò ráyè fi nu imú.

Ó kọ́kọ́ sọ fún bàbá pé òun fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Àṣìṣe gbáà. Bàbá wẹ̀, ó fá irùngbọ̀n, ó wọ kóòtù tó fi gbé ìyàwó, ó sì jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Olùkọ́ wo àwòrán náà, ó dá a padà. "Òṣìṣẹ́ ni mo ní kó o mú wá," ó ní, "ère lo gbé wá."

Ó tún yá kámẹ́rà fíìmù ilé ẹ̀kọ́ fún ọ̀sán ọjọ́ kan. Bí bàbá ṣe rí i pé kámẹ́rà náà ti ń ká òun sílẹ̀, eré bẹ̀rẹ̀. Ó ń rán, ó ń wọn, ó ń sáré lọ gbé áyọ́ọ̀nù, ó ń gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀ kó lè ráyè tún gbé e. Ìyá ọmọ náà yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ọkọ mi," ó ní, "ṣé aṣọ lẹ̀ ń rán ni, àbí ẹ̀ ń bá a jà?" Nígbà tí olùkọ́ wo fíìmù yìí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá rẹ mọ eré ṣe o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni mo fẹ́ rí."

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí i lọ́kàn. Bí òun bá gbé agolo sínú ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ kí bàbá mọ̀, ẹ̀rọ á yọ, tábìlì á yọ, bàbá tí kì í sinmi á sì dà bí èéfín tó yí wọn ká. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó ń wo kámẹ́rà ni yóò wà nínú àwòrán náà, iṣẹ́ gan-an ni. Wọ́n ní inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra, ṣùgbọ́n òun pa á mọ́ra, ó tiẹ̀ fọwọ́ bo ohùn kékeré kan tó ń sọ fún un pé kò dáa kéèyàn máa ṣọ́ bàbá ẹni. Láàárọ̀, kó tó jáde, ó ti agolo rẹ̀ sáàárín àwọn agolo bọ́tìnì lórí pẹpẹ, ó ṣí ihò rẹ̀, ó kí bàbá pé ó dàbọ̀. Nígbà tó dé lọ́sàn-án, bàbá wà lórí ẹ̀rọ, gìrìgìrì. Ó dí ihò agolo, ó gbé e sínú báàgì, ó sì padà sílé ẹ̀kọ́.

Lábẹ́ iná pupa yàrá òkùnkùn, ó ń mi bébà náà jẹ́jẹ́ nínú omi oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò. Fèrèsé ló kọ́kọ́ yọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ tẹ̀ lé e. Ó ń retí èéfín. Èéfín ò yọ. Ọkùnrin kan ló ń yọ bọ̀, tó jókòó sórí àga, tó kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Èèyàn lè ka bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló ṣú díẹ̀, bí ojú ẹni tó ń tòògbé tó tún ń jí.

Ó kọ́kọ́ bínú sí agolo. Àfìgbà tó rántí bí agolo ṣe ń ríran ni àyà rẹ̀ já. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, bàbá rẹ̀ kò dìde níbẹ̀. Kò sí aṣọ lórí ẹ̀rọ, kò sí aṣọ lórí tábìlì. Ó sáré lọ wo fíìmù ọjọ́sí, ojú abẹ́rẹ́ ló sì tẹjú mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Abẹ́rẹ́ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, kò sí òwú nínú rẹ̀. Òun ti wo fíìmù yẹn, olùkọ́ ti wò ó, wọ́n ti jọ fi rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Àwọn àgbà ò tíì bá agolo mílíìkì pàdé ni. Ó padà sínú yàrá òkùnkùn, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rọ́ bo àwòrán náà lọ́jọ́ kejì. "Báwo lo ṣe rí i mú jókòó jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀?" Olùkọ́ nìkan ló bi í ní ìbéèrè mìíràn.

"Ìgbà wo lo ṣí agolo, ìgbà wo lo dé e?"

"Láti àárọ̀ di ọ̀sán ni, mà."

Olùkọ́ tún yẹ àwòrán náà wò. "Kò sí èyí tó dára tó o nínú gbogbo ohun tí wọ́n kó fún mi," ó ní. "Àyè rẹ wà lára ògiri. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò á fẹ́ mọ bí agolo ṣe ń ríran, èmi náà á sì ṣàlàyé. Bàbá ẹ ni. Lọ bi í bó bá gbà kí wọ́n rí i bẹ́ẹ̀."

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò rán ìyá rẹ̀ sí i. Ó bá bàbá lórí ẹ̀rọ bó ṣe máa ń bá a, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàámi, ẹ dá a dúró. Kò sí òwú nínú ẹ̀."

Pẹ́dáàlì dúró. Ọmọ náà na àwòrán náà sí i. Bàbá wò ó títí.

"Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni. Mo tọ́jú agolo mi sáàárín bọ́tìnì yín. Ẹ má bínú."

Ṣùgbọ́n bàbá bínú. "Pàkúté! Nínú ṣọ́ọ̀bù mi! Èmi bàbá ẹ lo dẹ pàkúté fún!" Ó kọjú sí ògiri, ó ń mí gúlegúle. Nígbà tí ìbínú náà rọ̀, ohùn bàbá ti lọlẹ̀. "Ta ló ń ránṣọ mọ́? Wọ́n ti rán an sílẹ̀ fún wọn lọ́jà, kí wọ́n kàn wọ̀ ọ́ ni. Bí ìdí ṣòkòtò ẹnì kan ò bá ya, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ìyá ẹ mọ̀. Òun ló ń gbé ilé yìí dúró."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ẹ kó o fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kó o ní o fẹ́ wáṣẹ́ ràn wá lọ́wọ́? Mo mọ̀ ẹ́. Tí mo bá ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ lójú ọ̀nà, màá yáa bọ́ sórí ẹ̀rọ."

"Ó dùn mí, bàámi. Ó dùn mí gan-an." Ó na ọwọ́ láti gba àwòrán náà. "Màá fà á ya. Mi ò ní gbé e kọ́."

Bàbá ò fi í sílẹ̀. "Tó ò bá gbé e kọ́ ńkọ́?"

"Màá padà sídìí ọ̀dà."

"Ìyẹn ni pé wọn ò ní mú ẹ."

"Wọn ò ní mú mi."

Bàbá gbé àwòrán náà jìnnà sí ojú rẹ̀, bí àgbàlagbà ṣe máa ń ṣe tí awò ojú kò bá sí nítòsí, ó sì wo ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Gbé e kọ́," ó ní. "Torí kó o lè dúró nílé ẹ̀kọ́ yẹn ni mo ṣe ń jókòó síbí lójoojúmọ́, tí mò ń purọ́ iṣẹ́. Tó o bá wá fà á ya torí mi, a jẹ́ pé mo kàn jókòó lásán ni."