Ẹ̀jẹ̀ Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Le

Ẹ̀gbọ́n mi Sàúdátù kò gbà pé mò ń ṣàìsàn. Lójú tirẹ̀, ọ̀lẹ ni mí, ó sì ti sọ ọ́ níbi tí a ti ń yan gàrí ní Ìlọra títí ó fi di orin lẹ́nu àwọn obìnrin tó kù. Bí mo bá ti di ìbàdí mú, á ní, "Olorì, ẹ kú ìsinmi." Mo kórìíra ọ̀rọ̀ náà ju ìrora lọ.

Ọ̀dọ̀ dókítà kan ní Ọ̀yọ́ ni mo ti gbọ́ orúkọ ohun tó ń ṣe mí: faibromayáljíà. Orúkọ náà gùn ju ọ̀nà Akínmọ̀ọ́rìn lọ. Dókítà Mojísọ́lá ní ara á máa dun èèyàn káàkiri, bẹ́ẹ̀ kò sí egbò tí ẹnikẹ́ni á rí. Ó ń ṣe ìwádìí: ó fẹ́ wo ìwọ̀n àwọn èròjà bíi magnísíọ̀mù, síńkì àti kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin bíi tèmi, kó fi wé ti àwọn tí ara wọn le. Ó ní kí n bá òun mú ẹnì kan wá nínú àwọn tí ara wọn le.

Nígbà tí mo délé ròyìn, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Èmi ni kí o mú lọ, Hamidah. Ìyá kan náà ló bí wa. Kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ mi wé tìrẹ, kí gbogbo ayé mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ọ́."

Ẹ̀rù bà mí. Bí ẹ̀jẹ̀ wa bá rí bákan náà ńkọ́? Ta ni yóò tún gbà mí gbọ́? Síbẹ̀ mo mú un lọ, torí alágídí lèmi náà.

Dókítà bi í bóyá ibì kan ń dùn ún.

"Rárá o. Ara mi le koko, àlùhámúdùlíláhì."

"Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn yín wò kí n tó fa ẹ̀jẹ̀, mà."

Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ léjìká. Ẹ̀gbọ́n mi lọgun. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọrùn, ó tẹ̀ ẹ́ lórúnkún. Omijé lé ròrò sí i lójú.

"Láti ìgbà wo ló ti ń dùn yín báyìí?"

"Láti ìgbà tí mo ti bí Habeebullah." Habeebullah ti ń ṣe tíṣà ní Awẹ́ báyìí, ó ti láya nílé. "Àmọ́ kì í ṣe àìsàn. Àbí kì í ṣe bí ara gbogbo obìnrin ṣe rí nìyẹn?"

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Rárá, mà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Àṣé ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ sí i jọ sínú, èyí tó máa ta á bí ata, àmọ́ ìborùn mi ni mo fi nu omijé rẹ̀. Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Títí di òní, èsì ẹ̀jẹ̀ mi kò tíì jáde. Nígbà tí a padà sídìí agbada gàrí, mo di ìbàdí mú bí ìṣe mi, ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bá rẹ́rìn-ín: "Olorì, ẹ kú ìsinmi."

"Fi í sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ara ń dùn ún."

Ó gbé igbá tó fi ń ro gàrí fún obìnrin náà, ó wá jókòó tì mí. Ó ń fọwọ́ ra èjìká ara rẹ̀.

"Èjìká òsì ló burú jù."

"Tèmi, ti ọ̀tún ni," mo dá a lóhùn.