Ìlù Ńlá Tó Ń Ké Bí Ewúrẹ́

Nínú ẹgbẹ́ olórin tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan dá sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pe onílù wọn. Kì í ṣe pé ó kàwé débi kan. Òǹtẹ̀ ló ń tẹ̀ sára lẹ́tà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ máa sọ tí kò ní dá yín lóhùn pé, "Rárá, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀." Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á ṣàlàyé òwúrọ̀ fún yín.

Ìlù jáàsì ló ń lù, àwọn ìlù márùn-ún tí èèyàn kan máa ń jókòó sáàárín wọn, tòun ti àwọn páànù idẹ tó ń dún ṣíì lókè. Kì í lù ú burú. Èyí tó tóbi, tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta lápá ọ̀tún rẹ̀, ló dá wàhálà sílẹ̀. Dípò kó dún gbìì, ńṣe ló ń ké bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há lẹ́sẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa ṣe ìdágbére fún ọ̀gá àgbà wọn tó ń fẹ̀yìn tì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí gbogbo ẹgbẹ́ fọkàn balẹ̀, òun máa wádìí rẹ̀.

Ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n fi ń yí àwọn bóòtì etí ìlù, ó fa awọ rẹ̀ le. Ìlù ké sí i. Ó dẹ̀ ẹ́, ó ké lóhùn mìíràn. Ó bọ́ awọ oníke náà sọ nù, ó ra tuntun. Tuntun ké ju ti àtijọ́ lọ. Ó lẹ téèpù mọ́ ọn. Ó ki ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀ sínú rẹ̀. Ìyàwó wá gba ìrọ̀rí rẹ̀ níbi iṣẹ́ lójú gbogbo ayé, kò sì kí ẹnikẹ́ni kó tó lọ.

Nígbà tó yá, ẹ̀bi kúrò lórí ìlù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní yàrá ẹrù tí wọ́n ti ń dánra wò ló gùn jù. Wọ́n bá ń ru páálí láti igun kan sí ìkejì. Ó ní atẹ́gùn ni. Wọ́n ti fèrèsé pa, òógùn bò wọ́n. Níkẹyìn, ó ní ohùn akọrin àwọn ló ń da ìlù láàmú.

Obìnrin tó ń to ẹrù ni akọrin yìí, ẹnu rẹ̀ sì mú. "Ohùn tèmi? Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọrin, ìlù kankan ò tíì fẹjọ́ mi sùn rí."

"Kò lè yé ẹ. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ni."

"Sáyẹ́ǹsì ló ń ké mẹ̀ẹ̀ yẹn?"

Inú bí Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó fi agbára ti fèrèsé kan ṣoṣo tó ṣì ṣí díẹ̀, gíláàsì rẹ̀ sì là sí méjì. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹni tó ń ṣe gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí pẹ́ńsù rẹ̀ kì í kúrò létí. Ibi tó ti ń wọn fèrèsé ló ti gbọ́ igbe ewúrẹ́.

"Kí ló ń ṣe ìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ jinlẹ̀."

Ó wá ń sọ bó ṣe jinlẹ̀ tó. Ó sọ ti igi, ó sọ ti afẹ́fẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọn fèrèsé tán, ó gé gíláàsì tán, àlàyé ò tíì tán.

"Ó tó," ló wí. "Tú òrùka irin etí ẹ̀ yẹn wá."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kùn, ó tú u. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ́ gíláàsì tuntun sórí tábìlì, ó gbé òrùka náà lé e. Ó tẹ apá kan, apá kejì gbéra nílẹ̀. Ó ti ẹnu pẹ́ńsù sábẹ́ rẹ̀, ó wọlé.

"Ó ti wọ́. Kò lè tẹ awọ dọ́gba mọ́. Apá kan á le, apá kan á dẹ̀. Ta ló jókòó lé e?"

Akọrin wúkọ́. "Kò sẹ́ni tó jókòó lé e, mà. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, ẹnì kan gun orí ẹ̀ dúró, ó ń gbé àwòrán ara ẹ̀ kọ́."

Gbogbo wọn gbójú sókè. Àwòrán Ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà lára ògiri, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí àìmọ̀kan àwọn èèyàn ń ṣe láàánú. Onígìtá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mi ò wúwo tó bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Irin ò purọ́ mọ́ ẹ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n ra òrùka tuntun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró tì í. Ó ní kó kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán yí gbogbo bóòtì títí wọ́n á fi di. Lẹ́yìn náà, kó fi kọ́kọ́rọ́ yí ọ̀kan díẹ̀, kó bọ́ sí èyí tó dojú kọ ọ́, kó máa fìka ta awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtì kọ̀ọ̀kan títí ohùn gbogbo wọn á fi ṣọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ ṣàlàyé nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó. Ó wá lù ú.

Gbìì.

Akọrin pàtẹ́wọ́ kó tó rántí pé inú ṣì ń bí òun.

Lọ́jọ́ ìdágbére, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n gba gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin èèyàn wa, lẹ́yìn ìwádìí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ṣàwárí pé..." Ọ̀gá àgbà, tó ti rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ àlàyé rẹ̀, wo aago. Akọrin rọra gba gbohùngbohùn náà.

"Ẹni tó ṣàwárí ẹ̀ ló jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Ẹni tó bà á jẹ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ẹ̀rín bo gbọ̀ngàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó ti ìlù rẹ̀, ojú ń tì í, ó sì fi ìtìjú náà lù ú débi pé ọ̀gá àgbà dìde jó láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá a. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé àyà síwájú, ó ń retí ìyìn.

"Ìlù yẹn dáa," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ìwọ lò ń sáré nínú orin kejì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó fa ìyẹn ni pé—" Ó dúró. Ó pa ẹnu dé, ó tún là á. "Ibo gan-an nínú ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa àga, ó ń fọwọ́ lu orúnkún láti fi hàn án. Akọrin tó ń ká wáyà dáwọ́ dúró. Ó sọ fún onígìtá pé láti ọjọ́ tóun ti mọ ọkùnrin yẹn, òun ò gbọ́ kó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, àfi ìgbà tí oúnjẹ máa jinná.