Òórùn Inú Àṣíborí

Ọkọ mi Heima fẹ́ kú ikú iyì. Èmi fẹ́ kó wà láàyè. Gbogbo ìjà tó wà láàárín wa lọ́dún náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti Tokyo lọ́hùn-ún ni ìjọba ti ní kí àwọn ọkùnrin ìdílé jagunjagun bíi tiwa gé irun tí wọ́n ń dì sí àtàrí, kí wọ́n má sì gbé idà jáde mọ́. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ tí ìyá wọn ń ta ọ̀dùnkún fún wa ni wọ́n wá wọ̀ ní ṣòkòtò Òyìnbó tó fún mọ́ wọn nídìí, tí wọ́n fi ìbọn lé lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní ọmọ ogun. Inú bí Ọ̀gá Shigefuji, olùkọ́ idà. Ó kó àwọn ọkùnrin bíi tọkọ mi jọ sí ojúbọ orí òkè, wọ́n sì búra pé idà nìkan ni àwọn yóò fi kọlu bárékè àwọn ọmọ ogun náà, nínú aṣọ ogun àwọn baba ńlá wọn. Ohun Òyìnbó kankan kò gbọdọ̀ kan ara wọn, ì báà ṣe bọ́tìnnì.

Aṣọ ogun baba ńlá! Baba ńlá Heima kò sanra. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dúdú ni aṣọ náà, tí wọ́n fi okùn ṣẹ́dà so pọ̀. Eku ti jẹ okùn náà, èmi ni mo jókòó tún un so. Nígbà tí mo wá de ìgbàyà mọ́ Heima, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò pàdé.

"Ẹ fa ikùn yín sínú," mo ní.

"Mo ti fà á."

"Èyí tí mò ń wò yìí ńkọ́? Ti ta ni?"

"Otsune, mò ń lọ kú, o wá ń fi mí ṣẹ̀sín."

"Ẹ má bínú, baálé mi. Ẹ ṣáà má mí títí ẹ ó fi kú, kí okùn má baà já."

Ó wá ní kí n sun tùràrí sínú àṣíborí òun, bí ìyàwó jagunjagun ti máa ń ṣe, kí ẹni tó bá gé orí òun lè gbóòórùn dídùn, kó mọ̀ pé ilé ire ni orí náà ti wá. Tùràrí wo? A ti tà á ra ìrẹsì láti ìgbà tí ìjọba ti dá owó tí wọ́n ń san fún àwọn jagunjagun dúró. Ewé tí a fi ń lé ẹ̀fọn ló kù, tó so rọ̀ ní ilé ìdáná. Inú ń bí mi. Mo sun ewé ẹ̀fọn, mo da àṣíborí bo èéfín náà. Heima kò fura. Omi tútù tó ń dà sára láràárọ̀ kí ara rẹ̀ lè mọ́ fún ikú ti kó ọ̀fìnkìn bá a. Ó gbé àṣíborí sí imú, ó sín, ó ní, "O káre, ìyàwó mi." Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ó jáde ní ìdájí, pẹ̀lú bàtà koríko àti ọ̀já funfun níwájú orí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń sunkún. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tó fi padà dé, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Kí lo sun sínú àṣíborí mi?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀gá ń gbóòórùn àṣíborí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan tèmi, ó húkọ́! Ó ní, 'Heima, ṣé ogun lò ń lọ ni, àbí o fẹ́ lọ lé ẹ̀fọn?' Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí ilé rẹ̀ kò tíì ṣe tán kò lè bá àwọn kú. Kí n lọ tún un ṣe, kí n wá bá wọn lẹ́nu bárékè. Lọ yá tùràrí wá, kíá!"

Mo lọ sílé opó tó wà nítòsí. Mi ò sáré. Mo kí i, mo béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀, mo mu tíì rẹ̀. Nígbà tí mo gba tùràrí dé, igi tútù ni mo fi dáná. Mo tún ní okùn èjìká rẹ̀ ti dẹ̀, kó jẹ́ n bá a dì í. Mo tú u pátápátá.

"Obìnrin yìí, yára!"

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, baálé mi."

Ibẹ̀ la wà, tí ìgbàyà rẹ̀ ń fì dirodiro, tí ìbọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ó ró, ó ró, ó dákẹ́. Ìrẹsì orí iná kò tíì jinná. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ ti dúró sórí odi, wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gá Shigefuji àti gbogbo èèyàn rẹ̀ láti òkèèrè. Wọn ò gé orí ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ wọn láti gbóòórùn wọn, àfi ìgbà tí wọ́n ti ń jẹrà, tùràrí ò sì lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn mọ́.

Heima wó sílẹ̀, ó ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún wa kò jọra.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń wá ọlọ̀tẹ̀ láti ilé dé ilé, mo ti kó irin náà sábẹ́ igi ìdáná. Heima fẹ́ jẹ́wọ́. Ó lanu, ó sín. Ó tún lanu, ó tún sín.

"Ara ọkọ mi ò yá," mo ní.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọlọ́dùnkún náà wò ó tàánú-tàánú. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá," ó ní. "Ẹ bá wọn fi atalẹ̀ sí tíì, mà." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ó ti pẹ́ báyìí. Heima ń jẹ oúnjẹ mi, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń kẹ̀yìn sí mi jẹ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló kà léèwọ̀ nínú ilé yìí, òun náà ni ewé ẹ̀fọn. Bí ìgbà ooru bá dé, àwọn aládùúgbò á sun tiwọn, ẹ̀fọn gbogbo àdúgbò á sì kó wá sọ́dọ̀ wa. A ó dùbúlẹ̀, èmi á máa họra, òun á máa fọwọ́ gbá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ "pàá" lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, inú mi á dùn pé ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára ọkọ mi tí ẹ̀fọn ń rí mu.