Orúkọ tí Inṣiráhì Fún Òkú

Nọ́ọ̀sì ni Inṣiráhì kó tó fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òun àti Suhérì aládùúgbò rẹ̀ máa ń gbé omi gbígbóná, ọṣẹ àti báńdéèjì lọ sábẹ́ afárá kan ní Alẹkisándríà, wọ́n á máa fọ egbò fún àwọn tó ń sùn níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rán wọn.

Arúgbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ológbò. Ọdún méjì ni Inṣiráhì fi tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá bi í pé kí lorúkọ yín gan-an, á ní, "Ẹsẹ̀ ni mo ní kí o wò. Àbí o fẹ́ fẹ́ mi ni?"

Lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, Suhérì ṣí páálí tí arúgbó náà fi bora, ó bá a tó ti kú.

Ní mọ́ṣúárì tí wọ́n gbé òkú náà lọ, akọ̀wé ní, "Màmá, òkú tí ò lórúkọ, tí ò lẹ́bí, ìjọba ló ń sin ín. A ò lè gbé e fún yín."

Suhérì fà á láṣọ pé kí wọ́n máa lọ. Inṣiráhì ò mira. Àfi bó ṣe gbọ́ ohùn ara rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Fikiríyà, ọmọ Abdulbáàrí."

Lóòótọ́ ló ní ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ẹ̀gbọ́n náà nígbà tí òkun gbé e lọ. Wọn ò rí òkú rẹ̀ sin.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́.

Inṣiráhì àti Suhérì ló wẹ òkú náà. Egbò ẹsẹ̀ náà ti ń jiná. Inṣiráhì rí i, ó da omi sí i, ó kọjá sí ẹsẹ̀ kejì. Ẹ̀gbẹ́ bàbá àti ìyá Inṣiráhì ni wọ́n sin ín sí.

"Sunkún díẹ̀," Suhérì wí bí wọ́n ṣe ń bọ̀, "kára lè fúyẹ́."

"Kò wá."

"Ọlọ́run á bi ọ́ nípa irọ́ yẹn o."

"Kó bi mí. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ bi í."

Nígbà tó délé, ó jẹ ẹ̀wà tútù lórí ìdúró, ó sì sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún lọ. Ọkùnrin kan na ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Suhérì béèrè bóyá omi náà ti gbóná jù. Inṣiráhì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ní ọwọ́ òun ò mọ̀ bóyá ó gbóná, kí Suhérì náà fọwọ́ kàn án wò.