Ibi tí Béèsì Sá Pamọ́ sí

Ogójì ọdún ni bàbá mi fi bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ onílù yan odì nítorí orin kan ṣoṣo. Àwọn méjèèjì jọ wà nínú ẹgbẹ́ olórin nígbà náà, bàbá mi ló ń ta gìtá béèsì, èyí tí ohùn rẹ̀ máa ń rinlẹ̀. Láàárín orin náà, ìlù ṣàdédé fò, díẹ̀ ló kù kí gbogbo rẹ̀ dàrú. Bàbá ní onílù ló ba iṣẹ́ jẹ́. Onílù ní irọ́ ni. Kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà wà nílé wa, ó ń ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí ọ̀hún kò pé, torí sípíkà kékeré wa kì í gbé béèsì jáde rárá. Ohùn, fèrè àti ìlù nìkan là ń gbọ́. Màmá a máa fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá wọn, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?" Bàbá á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń dùn ún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra wúfà, àpótí ńlá tó jẹ́ pé béèsì nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo gbé e sí kọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ ni kò ti ní ba ẹwà yàrá jẹ́. Mo tan orin. Fèrèsé ń gbọ̀n, àwo ń jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n níbi tí Bàbá jókòó sí, kò sí nǹkan kan. Mo yí i sókè, ariwo lásán ló ń pọ̀ sí i. Inú bí mi débi pé mo ta á nípàá.

"Gbé e padà fún ẹni tó tà á," ni Bàbá wí. "Ohun tó ti lọ ti lọ."

Mo pe atúnrédíòṣe àdúgbò. Ó ní kí Bàbá dìde, ó gbé wúfà lé orí àga rẹ̀ bí àlejò pàtàkì, ó sì tan orin.

"Ẹ máa rá kiri yàrá báyìí," ni ó wí, "kí etí yín wà nísàlẹ̀. Ibi tí béèsì bá ti dún geere, ibẹ̀ la máa gbé àpótí sí, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ lórí àga yín."

Mo ní èmi ni n ó rá. Bàbá ní, "Ìwọ mọ ohùn gìtá mi ni?" Ẹni àádọ́rin ọdún ká ṣòkòtò sókè, ó ń rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn o," ni Màmá wí.

Ní kọ̀rọ̀, ó mi orí. Lẹ́nu ọ̀nà, ó mi orí. Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá, ó dúró. "Ibí ni."

Màmá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò láìjanpata, ohun tí kò ṣe fún ẹnikẹ́ni rí. A gbé wúfà síbẹ̀, Bàbá padà sórí àga, a tan orin láti ìbẹ̀rẹ̀. Béèsì wọlé, ó ń rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ ohùn gbogbo. Bàbá mi nìyẹn. Omi lé sí mi lójú.

Nígbà tó yá, a dé ibi tí ìlù ti fò, gbogbo wa sì gbọ́ ọ. Béèsì ló kọ́kọ́ sáré wọlé ṣáájú àkókò. Ìlù kàn fò tẹ̀lé e kí orin má baà dàrú ni.

Àfọwọ́fà mi rè é, mo sọ nínú ara mi. N kò lè wo ojú Bàbá.

"Bàbá wọn," ni Màmá rọra wí, "ẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́."

Bàbá na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n bá òun pe onílù. Fóònù dún pẹ́ kí ìyẹn tó gbé e.

"Èmi ni mo ṣì í," ni Bàbá wí. "Ìwọ lo gbà mí sílẹ̀. Jọ̀ọ́, wá gbọ́ ọ."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ béèrè pé, "Ṣé ibi tí màá jókòó sí wà?"

Bàbá wo àga rẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí béèsì ti ń dún geere. Ó dìde kúrò lórí rẹ̀.

"Ó wà," ni ó wí.